Ẹni Tí Yóò Fọwọ́ Sọ̀yà fún Tẹjúmádé

Gbogbo ẹni tó bá ti bá Alhaji Sàláwù ṣiṣẹ́ ní Kankon ló mọ̀ pé ó lawọ́ sí ohun gbogbo àyàfi ohun kan: kì í fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá bímọ, yóò gbé àpò ìrẹsì ránṣẹ́. Bí ìyá ẹnì kan bá kú, mọ́tò ilé-iṣẹ́ ni yóò gbé wọn lọ síbi ìsìnkú, Alhaji fúnra rẹ̀ yóò sì jókòó síwájú. Ṣùgbọ́n kí ó fọwọ́ sí ìwé fún ọ, kí ó ní òun mọ̀ ọ́, òun dúró fún ọ, ìyẹn kò sí. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ tẹ ìwé fún ọ̀rẹ́ kan láyé ọjọ́un, pé òun mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí. Kí ojú tó là, ilẹ̀ wọn tó wà létí ọ̀sà ní Imeke ti di ti ẹlòmíràn. Alhaji kì í gbàgbé láti sọ ìtàn náà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń sọ òfin ilé fún àlejò.

Ọwọ́ ọkùnrin yìí gan-an ni Tẹjúmádé Ajíbọ́lá ti fẹ́ gba ìwé ìfọwọ́sọ̀yà.

Tẹjúmádé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni. Yunifásítì ló gbé e wá sí ìhà Ọ̀jọ́, nígbà tó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò padà sílé mọ́. Ó kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní Aradagun fún ìgbà díẹ̀, kí Alhaji tó gbà á síbi tí wọ́n ti ń fún òróró àgbọn, pé kí ó máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Kò pẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀. Òun ló mọ ìró tí ẹ̀rọ tó ń rin àgbọn máa ń mú jáde kí ó tó dákẹ́. Òun ló mọ oníbàárà tó máa ń sọ pé òróró ń rùn lẹ́yìn tó ti lò ó dé ìdajì. Àwọn awakọ̀ tó ń kó àgbọn wá láti ìhà Sẹ̀mẹ̀ a máa pe Alhaji ní Pàtírọ́ọ̀nù, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lódìkejì ẹnubodè. Ní ọjọ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Tẹjúmádé ní Madáàmù Pàtírọ́ọ̀nù. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi rí ojú Alhaji, wọ́n sì jáwọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò kan ní òdìkejì Èkó. Ti àkọ́kọ́ já a kulẹ̀. Èkejì, ó yege. Ohun tó kù ni ẹni méjì tí yóò fọwọ́ sọ̀yà fún un. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ti ṣe tirẹ̀. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gba ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tíì dáhùn nígbà náà, àbájáde ìdánwò rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn, kí ó tún wá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ó dúró títí Alhaji fi kírun ọ̀sán tán, ó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ Èkìtì," ni Alhaji wí. "Ẹ̀rọ ti tún bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ ara mi ni."

"Ọkọ ti dé nìyẹn."

"Rárá, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni."

Ó ṣàlàyé. Ó ní òpin ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà, kò ní dí iṣẹ́ òun lọ́wọ́. Alhaji ń ká ẹní ìkírun rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú sókè.

"Àwọn wo ló ń béèrè mi?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, sà."

"Wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọn ò mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí."

"Tí o bá débẹ̀ tí o hùwà tí kò dáa, ta ni wọ́n máa mú?"

"Wọn ò ní mú ẹnikẹ́ni, sà. Ìwé lásán ni."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ti ṣì í sọ. Alhaji gbé ẹní náà sórí àga, ó tẹ́ ọwọ́ lé e.

"Kò sí ìwé lásán," ló wí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Mo gbọ́."

Mubarakah, ọmọbìnrin Ègùn tó ń bójú tó ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì, ni ó kọ́kọ́ bá pàdé níta. Ọmọ náà kì í lè pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Tẹjúmádé.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn gbọ́."

"'Mo gbọ́' ni wọ́n sọ?" Mubarakah gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Yéè! Àǹtí Tẹjú, ẹ ti wọ gàù. Ohun tí wọ́n sọ fún Bọ̀dá Ọládiméjì nìyẹn."

Ọládiméjì ló wà ní ipò Tẹjúmádé tẹ́lẹ̀. Òun náà tọrọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ síbòmíràn.

"Ṣé wọ́n lé e ni?"

"Wọn ò lé e. Wọ́n kàn ń wò ó ni. Tó bá ń jẹun, wọ́n ń wò ó. Tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ń wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sá lọ."

Láti ọjọ́ náà ni ara Tẹjúmádé kò ti balẹ̀ mọ́. Nǹkan mìíràn sì tún wà tó ń gbé e lọ́kàn. Alhaji kò ní ímeèlì kankan àfi ti ilé-iṣẹ́, Tẹjúmádé ló sì ń ṣí ti ilé-iṣẹ́ láràárọ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ béèrè ibi tí wọn yóò ti rí ọ̀gá rẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó lè fi síbẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí Alhaji dáhùn ní ìkọ̀kọ̀ ṣe wá balẹ̀ sí ojú Tẹjúmádé fúnra rẹ̀, láàárín ìwé oníbàárà àti ìpolówó ẹ̀rọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nípa rẹ̀. Ó lọ sọ fún Alhaji pé ó ti dé. Alhaji ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ fúnra yín," ni Mubarakah wí. "Àìmọye ọ̀gá ló ń sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé kí ó lọ kọ ọ́ wá, kí àwọn wá buwọ́ lù ú."

"Alhaji ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Alhaji ò sọ pé kí ẹ má kọ ọ́."

Tẹjúmádé ní kí ó lọ lẹ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní etí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. Wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ lórí àgbọn tó ti hù, yóò kàn béèrè pé, "Agboolé wo lẹ ti wá ní Ìjerò ná?" Ní ọjọ́ kejì, "Ìyá rẹ, níbo ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá?" Ní ọjọ́ mìíràn, "Ṣé ìyá rẹ ló wò ọ́ dàgbà àbí ìyá ìyá rẹ?" Tẹjúmádé ń dáhùn, ó sì ń wo ojú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ kan ní Aradagun, tí onílé rẹ̀, bàbá arúgbó tí kì í sábà gbójú sókè láti ìdí rédíò, dìde dúró kí i.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́ o," ni bàbá wí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ta ni, Bàbá?"

"Mo kàn sọ ọ́ ni," ni bàbá wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀ bí ẹni tí oyin ta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alhaja Tọ̀yìbátù dé sí ilé-iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Alhaji ni, obìnrin tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tí gbogbo ìdílé sì ń dúró de ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Wọn kò rí i níbẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Tẹjúmádé bu omi fún òun. Tẹjúmádé bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Alhaja kò mu omi náà. Ó kàn gbà á, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó béèrè bóyá eyín kì í dùn ún, ó sì dìde lọ.

Mubarakah ti rí gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn àgbá.

"Wọ́n fẹ́ fẹ́ yín ni," ló wí.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

"Ẹ gbọ́ mi, Àǹtí. Kò sí ìyàwó tó wọ ìdílé yẹn tí kì í ṣe Alhaja ló lọ wádìí ilé wọn. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní kí o bu omi wá."

"Ta ló fẹ́ fẹ́ mi? Alhaji tó ní ìyàwó méjì?"

"Ẹni tó ní méjì ló ń wá ẹ̀kẹta. Ẹni tó ní ẹyọ kan, ẹ̀rù ṣì ń bà á."

Tẹjúmádé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn. Bóyá ìyàwó ni Alhaji ń wá, kí ó lè fi ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà dè é mọ́lẹ̀. Bóyá ẹ̀bi ni ó ń wá, kí ó lè rí ohun tí yóò fi lé e bíi ti Ọládiméjì. Èyí tó bà á lẹ́rù jù ni pé ó lè jẹ́ méjèèjì, kí Alhaji wá mú èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti dúróà tábìlì rẹ̀ pa. Bí ó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ń wẹ̀yìn. Ó wá mọ bí ó ṣe rí lára Ọládiméjì.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni ìyá rẹ̀ pè é láti Ìjerò. Ohùn ìyá ń dùn bíi ti ọjọ́ ìsìnmi.

"Tẹjú! Kí ló dé tí o fi pa irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo, Màámi?"

"Àwọn àna rẹ dé o."

"Àna wo?"

"Alhaja kan, àgbà tó lẹ́wà, pẹ̀lú awakọ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti òróró àgbọn wá. Mo gúnyán fún wọn. Alhaja yẹn jẹun o! Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni wọ́n béèrè. Ṣé wèrè wà nídìílé wa, ṣé a kì í jalè, ṣé o ti bímọ rí. Mo ní ká má rí i. Wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ tíṣà tó kọ́ ẹ ní pírámárì."

"Màámi, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Mo ní ọmọ mi kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n tó bá bínú, ó lè gbé e sínú fún oṣù kan."

"Háà."

"Mo sì yangàn díẹ̀. Àbí kí wọ́n máa rò pé ebi ló ń lé wa wá sọ́dọ̀ wọn? Mo ní ọmọ mi kò ní sin ẹnikẹ́ni títí ayé. Mo ní tó bá jáde nílé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ yẹn, ilé-iṣẹ́ òróró tirẹ̀ ló máa dá sílẹ̀, níbẹ̀ gan-an, ní Àgbádárìgì, tó máa tóbi ju èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí lọ."

Tẹjúmádé jókòó sórí àpò àgbọn tó wà nítòsí. Òótọ́ ni. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà Kérésìmesì, nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láyé.

"Kí ni Alhaja sọ sí i?"

"Ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i."

"Màámi, wọn kì í ṣe àna. Ọ̀gá mi ló rán wọn."

"Ọ̀gá rẹ gan-an ló fẹ́ fẹ́ ọ?"

Ní Ọjọ́bọ̀, Alhaji wá síbi iṣẹ́, ó lọ, kò sọ nǹkan kan. Ó kí Tẹjúmádé bí ó ti máa ń kí i. Bí Alhaji bá bínú, ẹ̀rù ì bá má ba Tẹjúmádé tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, ó tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí Alhaji. Ìbéèrè náà kò pọ̀. Wọ́n béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó kọ ọ́. Wọ́n béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀. Ó kọ pé iṣẹ́ ló máa ń ṣe jù. Wọ́n béèrè bí ó ṣe máa ń ṣe bí a bá bá a wí. Ó kọ ọ́ pé ó máa ń fi inú kan gbà á.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: oṣù kan.

Kò ní jẹ́ òótọ́ bí a bá ní ẹ̀rí-ọkàn nìkan ló dá a dúró. Ìfura wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Jùmọ̀kẹ́, ọmọ Alhaji tó ń bá wọn ṣe ìwé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè ṣí ímeèlì yìí láti ibi tó bá wà. Bóyá nítorí rẹ̀ ni Alhaji ṣe ní kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá pàkúté ni, tí wọ́n ń dúró kí ẹsẹ̀ òun bọ́ sí i. Ó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́, ó ti kọ̀ǹpútà, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé Alhaji pọ̀n.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá a, òun àti Alhaja Tọ̀yìbátù, wọ́n ń jẹ ìbẹ́pẹ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n kò dúró kí wọ́n ní kí ó dìde.

"Ẹ rán ènìyàn lọ sílé wa, sà."

"Mo rán," ni Alhaji wí.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ní kí n dúró fún ọ." Alhaji fi ọ̀bẹ tí ó fi ń gé ìbẹ́pẹ tọ́ka sí àga. "Jókòó. Ṣé kí n dúró fún ẹni tí n kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀? Bí ọmọ mi bá fẹ́ gbé ìyàwó, à ń wádìí. Ìyàwó yẹn, tó bá burú, inú ilé mi ló máa burú sí, ojú mi ló máa ṣe. Ìwọ, orúkọ mi lo fẹ́ gbé lọ sáàárín àwọn tí n kò rí rí. Èwo ló yẹ kí n wádìí jù nínú méjèèjì?"

Ojú ti Tẹjúmádé díẹ̀ nítorí àwọn ohun tó ti rò.

"Iyán ìyá rẹ dáa," ni Alhaja wí.

"Ẹ ṣé, mà."

"Ẹnu rẹ̀ náà dáa. Kì í fi nǹkan pamọ́."

Alhaji gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Kí ni, sà?"

"Má bi mí pé kí ni."

Adìyẹ kan gba abẹ́ àga kọjá. Tẹjúmádé wò ó títí ó fi jáde lódìkejì.

"Òótọ́ ni, sà."

"O bínú pé a lọ síbẹ̀?"

"Mo bínú, sà."

"Ó dáa, oṣù kan ni, yóò kọjá," ni Alhaji wí, Alhaja sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Alhaji fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà síwájú lórí àga rẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rọ, owó ló ń rà á. Ilé, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ. Ohun tí mo ní tí ẹlòmíràn kò ní ni àwọn alágbọn etíkun, àwọn ìdílé Ègùn tí bàbá mi ti ń rà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bí ọ. Ìwọ mọ gbogbo wọn lórúkọ báyìí. Èmi ni mo fi ọ́ mọ̀ wọ́n. Ṣèlérí níwájú Alhaja pé láéláé, o kò ní yà sọ́dọ̀ wọn fún òwò tìrẹ. N kò fẹ́ ìwé. Fẹnu sọ ọ́. Tó bá di ọ̀la, n ó dá àwọn èèyàn rẹ lóhùn."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Tẹjúmádé ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ta ni yóò fi ìlérí náà mú un lọ́dún mẹ́wàá sí i? Ṣùgbọ́n bí ó ti gbójú sókè, ó rí i pé Alhaja ti dẹ́kun jíjẹ, tó ń wo òun gẹ́gẹ́ bí ó ti wò ó lọ́jọ́ tó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mu ún.

"Láéláé ti pọ̀ jù, sà," ni Tẹjúmádé wí. "N kò lè sọ láéláé. Àwọn alágbọn kì í ṣe tèmi, wọn kì í sì í ṣe tiyín. Èyí tí mo lè sọ ni pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń jẹun lọ́dọ̀ yín, n kò ní bá wọn sọ nǹkan kan lẹ́yìn yín. Ọjọ́ tí mo bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ wá sọ fún, kí n tó sọ fún ìyá mi pàápàá."

"Kí ó tó sọ fún ìyá rẹ̀ ló dáa jù," ni Alhaja wí.

"O kọ̀ nìyẹn," ni Alhaji wí.

"N kò kọ̀, sà. N kò fẹ́ parọ́ ni."

"Máa lọ sílé."

Ó lọ sílé, kò sì sùn dáadáa. Ó gbà pé òun ti fi ọwọ́ ara òun da omi ilé-ẹ̀kọ́ náà nù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n yá ní ọwọ́. Wọ́n ti Jímọ̀ dé, kò sí Alhaji. Ìgbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ wọ ọgbà, tí òun àti Alhaja àti Jùmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tọ ọ́fíìsì lọ tààrà.

"Jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn," ni Alhaji sọ fún Tẹjúmádé.

Ó jáde. Mubarakah ti wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni ń nu gíláàsì.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni Tẹjúmádé béèrè. Òun kò lè wò ó.

"Jùmọ̀kẹ́ ló ń kà á. Alhaji ń sọ̀rọ̀, Jùmọ̀kẹ́ ń tẹ̀ ẹ́. Alhaja ní rárá. Wọ́n ń pa á rẹ́. Alhaji ń fi ọwọ́ ṣe báyìí."

"Báyìí báwo?"

"Bí ẹni ń lé eṣinṣin. Jùmọ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín wo? Ẹ̀rín dáadáa ni àbí ẹ̀rín ìkà?"

"Àǹtí, ẹ̀rín ni ṣá. Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó."

Alhaja ló kọ́kọ́ jáde. Tẹjúmádé kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ yanrìn.

"A ti dáhùn," ni Alhaja wí. "Àbúrò mi kò fẹ́ dáhùn láàárọ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ kì í dúnàádúrà lórí ìlérí. Ohun tí o bá ní kí ó gbà ni yóò gbà, yóò tún fi ìbúra lé e. Ìwọ jókòó síwájú wa, o ń yọ láéláé kúrò nínú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń yọ egungun ẹja."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn, mà?"

"Wọ́n ní kí o má mọ̀. Àbí wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀?"

Kò pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ fún un lórí fóònù rẹ̀ pé èsì ọ̀gá rẹ̀ ti tẹ àwọn lọ́wọ́. Mubarakah fò sókè. Tẹjúmádé kò lè fò. Kí ni Alhaja ní kí wọ́n pa rẹ́? Kí ni Alhaji ń fi ọwọ́ lé? Títí wọ́n fi pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò rí ẹni dá a lóhùn, Alhaji kò sì fi ojú sọ ohunkóhun.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ìdí tó fi fẹ́ kàwé sí i, ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó wà láàárín bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ sọ fún wa pé o fẹ́ wá bá òun dupò ní ọjà," ló wí. "Ṣé o mọ̀ pé ó mọ̀?"

Ohun tí Tẹjúmádé ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá nìyí. Ó rò ó pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́.

"Mo mọ̀, mà. Èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un."

"Ó sì ṣì ń gbà ọ́ láàyè níbi iṣẹ́?"

"Ó ń gbà mí láàyè, mà. Ó ń ṣọ́ mi ni."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n gbà á wọlé.

Alhaji kí i kú oríire, ó sì fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, awakọ̀ kan tó ti etíkun dé sọ fún Tẹjúmádé pé Alhaja ti mú Jùmọ̀kẹ́ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn alágbọn, láti ilé dé ilé, ó ń fi í hàn wọ́n, ó sì ń fún wọn ní tapólínì tuntun. Tẹjúmádé gbọ́, ó gbé e yẹ̀ wò, kò sì rí ibi tó ti lè fi bínú. Bí òun bá ni Alhaji, òun ì bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Jùmọ̀kẹ́ gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Bàbá òun ní kí Àǹtí fi iṣẹ́ mọ òun, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí kò ní máa sí níbi iṣẹ́. Tẹjúmádé fi í mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi imú mọ òróró tí iná ti pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọn àgbọn sétí kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀, àti oníbàárà tí a kì í yá ní àgbá òfìfo. Kò fi nǹkan kan sẹ́yìn.

"Àǹtí," ni Jùmọ̀kẹ́ wí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, "ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Jùmọ̀kẹ́ wò ó pẹ́, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣọ́ ènìyàn. Ó wo dúróà tábìlì, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ó dáa, mà," ló wí, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn sí i.